Ta Ló Kérora ní Àdúgbò Wa?

Nínú ìwé ìròyìn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, iná kì í kàn lọ báyẹn. Bí iná bá lọ, dandan ni kí àwọn ará àdúgbò kérora. Groan ni ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ló bàjẹ́, a kì í groan sí ọ̀nà; lament là ń ṣe, ìyẹn ni pé à ń dárò. Tí omi ò bá yọ, a ó cry out, a ó figbe ta. Tí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé owó orí tuntun dé ọjà, àwọn ọlọ́jà á kick, wọ́n á máa tàpá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn láti Mowe, Ìbàfò àti Ifọ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú wa l'Ékòó, mi ò sì tíì fojú kan ọlọ́jà kan tó gbé ẹsẹ̀ sókè tàpá nítorí owó orí. Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á ṣépè sábẹ́ ahọ́n, wọ́n á sì san án.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ òfin yìí. Mo lọ sí Ifọ̀ lọ wo ọ̀nà kan tí àgbàrá ti wọ́ lọ, mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i: kòtò wà níbẹ̀, ọkọ̀ ń há sínú rẹ̀, inú ń bí àwọn èèyàn. Olóòtú pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ta ló lament níbí?" Mo ní kò sẹ́ni tó dárò, sà, inú ń bí wọn ni. Ó ní inú kì í bí mẹ̀kúnnù nínú ìwé ìròyìn. Gómìnà ni inú máa ń bí, frown sì ni wọ́n ń pe tirẹ̀, pé ó fajú ro. Ọba á urge, ìyẹn ni pé á rọ àwọn ọ̀dọ́. Ìyàwó gómìnà á charge àwọn obìnrin pé kí wọ́n múra sí ojúṣe wọn. Àwa tó kù, ìwọ̀nba ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa kò pọ̀: ká kérora, ká dárò, ká figbe ta, ká tàpá, tàbí kí inú wa dùn ká máa yin àwọn aláṣẹ. Yíyìn yẹn ló ń jẹ́ laud. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo ní ìwà kan tí ìyàwó mi ń pè ní agídí, tí èmi ń pè ní òótọ́. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí. Bí mo bá máa kọ pé èèyàn figbe ta, mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ igbe náà. Nígbà kan ní Ajùwọ̀n, mo bá àwọn obìnrin tí wọ́n tò sídìí ẹ̀rọ omi, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ké díẹ̀ fún mi. Obìnrin tó wà níwájú wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?" Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kí n gba kẹ́ẹ̀gì kan kí n tò sórí ìlà, pé bó bá pẹ́ títí, èmi fúnra mi á ké. Mo tò lóòótọ́. Omi tán nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn mí, mo sì ké. Mo wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ẹnìkan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun figbe ta. Olóòtú ní ìròyìn náà dára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Mowe ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òjò ló bú gbàmù, èéfín yọ, gbogbo wa sì sá jáde. Àwọn oníná wá, wọ́n gun òpó, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá wá, wọ́n gbé tiransifọ́mà náà sínú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ tún un ṣe. Bí ọkọ̀ náà ṣe yà sí ọ̀nà márosẹ̀, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ náà palẹ̀ mọ́. Àìmọye ìgbà ni alága ẹgbẹ́ onílé wa lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á ní kó fara balẹ̀, á jókòó títí, á sì padà wálé.

Ti àwa yòókù, ìyà ooru àti ti tẹlifíṣọ̀n ni. Àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ á tàn án fún àsìkò díẹ̀ tí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á sì pa á. Ṣùgbọ́n Bàbá Alájì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, awakọ̀ tírélà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń bá a fínra tipẹ́. Abẹ́rẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ máa gún lójoojúmọ́, inú òtútù sì ni oògùn náà gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí iná wà, inú fíríìjì ló ń gbé. Nígbà tí iná ò sí mọ́, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Alájà, á jí lọ sí Ìbàfò láàárọ̀, á ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja tútù, á kó o sínú kúlà, á sì sáré gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà lójú ọ̀nà márosẹ̀, pàápàá tí àwọn onísọ́ọ̀sì bá ń wọ́ lọ sí Kámpù fún ìsìn oṣooṣù, ìdajì yìnyín náà ti di omi kó tó délé.

Oògùn yẹn bàjẹ́ nígbà kan, wọn ò sì mọ̀. Bàbá ń gún abẹ́rẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, títí òòyì fi gbé e ṣubú ní balùwẹ̀. Dókítà sọ fún wọn pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n má sì bi òun ní ohun tó máa tẹ̀ lé e. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Àwa tí à ń wá iná kí ara lè tù wá mọ̀ pé bàbá kan wà láàárín wa tó ń wá a kó má baà kú.

Nígbà tó sú alága, ó wá bá mi nílé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì máa ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tò sórí ìlà. Ó ní, "Ìwọ tí o kọ ti Ifọ̀, tí o kọ ti Ajùwọ̀n, ṣé tìẹ ló máa wà nínú òkùnkùn?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì pe olóòtú lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á fún wa ní ìdajì ojú ìwé, àkọlé rẹ̀ á sì jẹ́ Residents Groan, pé àwọn ará àdúgbò ń kérora. Òun ti kọ àkọlé náà tán, ó ku kí n fi ìkérora ránṣẹ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti fi àgbàlagbà kan sí i, pé tàwọn àgbà máa ń dùn ún kà.

Mo gbé fóònù mi, mo tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo bọ́ síta. Ọ̀dọ̀ onídìrí tó wà ní igun òpópónà ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ẹnu rẹ̀ sì mú gan-an, mo rò pé ó máa sọ̀rọ̀ tó máa jóná. Ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun ti di ibi tí adìyẹ ń yé ẹyin sí. Mo ní, "Àǹtí, báwo ni nǹkan?"

Ó ní, "A dúpẹ́ o, Bọ̀dá. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀. God is faithful."

Mo ní, "Àìsí iná yìí ńkọ́?"

Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ tiẹ̀ jókòó ná, kí n ra mínírà fún yín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Wẹ́dà, ajórinmọ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní, "Alhamdu, ó better ju àná lọ." Kò sí iná lánàá. Ọkùnrin tó ń fá irun ní àwọn ò lè ráhùn, pé ẹ̀mí wà. Bó ṣe rí nìyẹn láti ojúlé dé ojúlé. Mi ò lè bá wọn wí, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí wọ́n bá bi èèyàn pé báwo ni, èsì kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá sọ òmíràn, wọ́n á rò pé òun àti Ọlọ́run ti ní gbólóhùn asọ̀. Bí ilé ọmọ Yorùbá bá ń jó lọ́wọ́, tí o sì kí i, á kọ́kọ́ dúpẹ́ kó tó ní kí o bá òun bu omi.

Bàbá Alájì ló kù. Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé rẹ̀ ni mo ti bá a, kúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó da aṣọ bò ó kí oòrùn má baà rí i. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà. Báwo lẹ ṣe ń fara dà á?"

"Alhamdulillah."

"Àìsí iná yìí ńkọ́, sà?"

"Ọlọ́run ló ni ìmọ́lẹ̀, ọmọ mi."

"Oògùn yín tó bàjẹ́ nígbà yẹn ńkọ́?"

"Ọlọ́run ni kò bàjẹ́."

"Bàbá, ẹ ṣubú ní balùwẹ̀."

"Inú ilé mi ni mo ṣubú sí, mi ò ṣubú sójú títì. Ṣé ìyẹn ò tó ọpẹ́ ni?"

Mo padà sílé, mo tẹ fóònù náà kí n gbọ́ ohun tí mo rí kó. Ọpẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ ló fi parí. Ìyàwó mi tó ń kọjá lọ dúró gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rí yìí mà dùn o. Ṣé Kámpù lẹ ti gbà á sílẹ̀?" Mo fi ránṣẹ́ sí olóòtú bó ṣe wà. Ó ní ìkérora lòun ní kí n mú wá, kí ló dé tí mo gbé ìdúpẹ́ ìkórè wá fún òun.

Mo sọ fún alága pé kò sẹ́ni tó kérora, pé mi ò sì ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìyẹn ò le rárá. Òun ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ láti kọrin fún kọmíṣánnà rí, kò sí ìdí tí àwọn àgbàlagbà ò fi ní lè kérora pa pọ̀. Ó kọ ọ́ sórí wasaapu àdúgbò pé lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká, kí gbogbo onílé àti ayálégbé péjọ sídìí òpó fún ìkérora, kí wọ́n má ṣe pẹ́ dé. Àwọn kan dáhùn pé "Àmín."

Wọ́n wá lóòótọ́. Alága dúró níwájú wọn, ó ní bí òun bá ti gbé ọwọ́ sókè, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ohun tó jáde jọ àmín ìparí ìsìn. Ó ní kò dáa, kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wẹ́dà ké bí aboyún tó ń rọbí, onídìrí sì bú sẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ dúró, ó ṣí fìlà, ó rọra bi mí pé ta ló kú. Mo ní ẹnikẹ́ni ò kú, ìròyìn là ń ṣe. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ohùn wọn ṣọ̀kan, mo gbà á sílẹ̀, mo ya fọ́tò, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Bàbá Alájì ò bá wọn ṣe é. Ó ń wò wá láti abẹ́ igi rẹ̀, ó sì sọ lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ rọra o. Àwọn màláíkà ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

Ìròyìn náà jáde. Residents Groan, lẹ́tà gbàgbà. Mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, nítorí níṣojú mi ni wọ́n ti kérora, mo sì ní ohùn wọn lọ́wọ́. Mélòó nínú àwa oníròyìn ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ó sì ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníná fi pe alága pé máníjà àwọn ń bọ̀ wá rí àwọn tó ń kérora. Ibẹ̀ ni àdúgbò wa ti ba nǹkan jẹ́. Bí a bá ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, a kì í rántí ohun tó ń gbé e bọ̀ mọ́. Wọ́n gbá òpópónà. Wọ́n yá kánópì àti àga. Alága wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó. Onídìrí gbé páálí mọ́ọ̀tì kan wá. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan mọ́ọ̀tì náà, ó gbóná, ojú gbogbo wọn sì ṣú. Ta ló máa gbé mọ́ọ̀tì gbígbóná fún àlejò?

Ibi kan ṣoṣo ni yìnyín wà ní gbogbo àdúgbò. Mo fojú ara mi rí Ìyá Alájà tó yọ oògùn ọkọ rẹ̀ kúrò nínú kúlà, tó fi aṣọ tútù wé e, tó gbé e sínú àwo, tó sì gbé kúlà náà lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, oògùn Bàbá ńkọ́?"

Ó ní, "Wọn ò ní pẹ́. Ṣé ká wá jẹ́ kí àlejò mu nǹkan gbígbóná lójúlé wa ni?"

Mo wo Bàbá. Ó mi orí pé òótọ́ ni ìyàwó òun sọ.

Máníjà dé pẹ̀lú obìnrin kan tó ń ya fọ́tò. Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé èébú ló ti múra sílẹ̀ fún. Ó dúró lẹ́nu kánópì, ó ní, "Ẹ kú ìfaradà o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́ o, sà!" Gbogbo wọn ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé alága gbé ọwọ́. Ó rinlẹ̀ ju ìkérora ọjọ́ Sátidé lọ fíìfíì.

Máníjà ní, "Ti iná yìí wá ńkọ́?"

Mo wo alága, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Alága dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Sà, a mọ̀ pé ẹ̀ ń gbìyànjú. Iṣẹ́ yín ò rọrùn. Kí Ọlọ́run túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkàn máníjà balẹ̀, ó mu mọ́ọ̀tì, ó ní ó tutù dáadáa, wọ́n sì fún un ní òmíràn. Wọ́n ya fọ́tò, gbogbo eyín ló wà níta. Ẹnìkan gbàdúrà fún un, ẹlòmíràn ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fi tòun kún un, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń ga, tí yìnyín ń yọ́ sára ìgò mọ́ọ̀tì. Ìbínú gbé mi débi pé mi ò lè mu tèmi.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ìwé ìròyìn wa gbé e jáde pé Residents Laud, pé àwọn ará àdúgbò ń yin ilé iṣẹ́ oníná. Àwọn oníná ló kọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n fi fọ́tò tì í lẹ́yìn. Olóòtú pè mí, ó ní, "Àwọn èèyàn yín yìí, èwo ni wọ́n ń ṣe gan-an?" Mo gba ilé alága lọ, mo sọ ọ̀rọ̀ tó korò sí i. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Ṣé kí n wá bú àlejò lábẹ́ kánópì tí mo yá ni?"

Oògùn Bàbá Alájì ò yè é. Aṣọ tútù ò lè dípò yìnyín nínú ooru yẹn, wọn ò sì rówó ra òmíràn, wọ́n rò pé kò tíì bàjẹ́, Bàbá sì ń gún un lọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n sáré gbé Bàbá lọ sí ọsibítù. Nígbà tó padà dé, báńdéèjì funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Dókítà ní kì í ṣe ibẹ̀ ló máa parí sí bí nǹkan ò bá yí padà. Gbogbo wa lọ kí i, onídìrí ò lè wo ojú Ìyá Alájà. Ìyá náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ì bá sàn fún wa ká ní ó bá wa jà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn oníná tún padà wá? Ìyìn yẹn dùn mọ́ wọn débi pé ọ̀gá wọn pátápátá, láti Abẹ́òkúta, ní òun náà fẹ́ wá gba tòun. Alága tún yá kánópì. Wọ́n tún ra mọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó gbójú wo ọ̀nà ibi tí kúlà wà. Mo mú fóònù mi dání, mo jókòó sẹ́yìn, mo ti mọ bó ṣe máa parí.

Ọ̀gá náà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọ kóòtù tó dára. Bó ṣe ń bọ̀ wá síbi kánópì, ó rí àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n dì lé orí àpótí. Wọ́n kọ́ ọkùnrin yẹn nílé. Ó yà kúrò lọ́nà, ó lọ bá Bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé e, iṣẹ́ mi ni.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ṣé ara le, sà?"

Bàbá Alájì wò ó. Mo ti ń gbọ́ Alhamdulillah lọ́kàn mi kó tó la ẹnu.

Ó ní, "Ara ò le, ọmọ mi."

Àwọn tó wà lábẹ́ kánópì yíjú sí wa. Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà kan dá ìkíni lóhùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mo sì rò pé ọ̀gá náà ò tíì gbọ́ ọ rí. Kò dìde. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun dìde, nítorí èsì tí wọ́n fi ń gbéni dìde kọ́ ló gbọ́. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ní, "Kí ló ṣe yín, sà?"

Bàbá ní, "Kò sí iná, oògùn mi ń bàjẹ́. Wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Dókítà ní ẹsẹ̀ ló kàn." Ó wo ẹsẹ̀ náà. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Kò gbé ohùn sókè, kò sunkún. Ìyá Alájà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ìborùn bo ojú, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀gá náà dìde, kò gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, kò sì wọ abẹ́ kánópì mọ́. Ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé fóònù sétí, ohùn rẹ̀ sì le sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò mu mọ́ọ̀tì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tiransifọ́mà tuntun ti wà lórí òpó.

Lọ́jọ́ tí iná dé, àwọn ọmọdé pariwo, gbogbo ilé tan rédíò sókè. Bàbá Alájì nìkan ni mi ò rí níta. Mo wọlé lọ bá a ní pálọ̀. Fíríìjì ń kùn ní igun, oògùn wà nínú rẹ̀, Bàbá sì kọjú sí i. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá náà ti wá ni kò ti jókòó sí abẹ́ igi mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní, "Èmi àgbà, lójú gbogbo èèyàn, mo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ẹ̀rù ń bà mí." Ó fi ọwọ́ pa orókún rẹ̀. "Ṣé ó máa wọ inú ìwé ìròyìn?"

Mo kàn dọ̀bálẹ̀, mo sì jáde.

Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé mi tí olóòtú fi pè. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníná pé bàbá kan ní àdúgbò wa sọ nǹkan tó gún ọ̀gá wọn lọ́kàn, pé ojú ìwé àkọ́kọ́ ni òun máa gbé e sí, pẹ̀lú fọ́tò ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Sọ fún mi kí n tètè kọ àkọlé. Ṣé ó groan ni, àbí ó lament?"

Ohùn Bàbá wà nínú fóònù tí mo gbé sétí yẹn, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní, "Kò kérora, sà. Kò sì dárò."

Ó ní, "Kí ló wá ṣe?"

Mo ní, "Wọ́n kí i, ó sì dáhùn."

Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."